Ẹnu Ẹlẹ́wọ̀n: Láti Àrokò Dé Ìwé Ẹ̀sùn

Ààfin Ṣọ̀ún kò jìnnà sí Tákíè, ní àárín gbùngbùn ìlú Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé tó ń gba ibẹ̀ kọjá ló mọ ìtàn Ògúnlọ́lá ọdẹ, wọ́n sì lè sọ bí ó ṣe gbé orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ wálé tí ìlú fi ń jẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́. Ohun tí a kì í sábà dúró lé lórí nínú kíláàsì ni pé ẹni tí wọ́n tì mọ́lé ni Ògúnlọ́lá kí ó tó di akọni. Orúkọ ìlú yìí àti orúkọ oyè ọba rẹ̀, inú àhámọ́ ni méjèèjì ti ṣẹ̀ wá.

Gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ṣe ń pa á nítàn, abẹ́ igi àjàgbọn ni Ògúnlọ́lá tẹ̀dó sí, òun àti àwọn ọdẹ bíi tirẹ̀ ni wọ́n sì jọ ń ṣọ́ agbègbè náà. Ìjà kan ṣẹlẹ̀, ó pa èèyàn. Ohun tó fa ìjà yìí yàtọ̀ láti ẹnu opìtàn kan sí ẹnu òmíràn. Ibi tí wọ́n ti pàdé ni pé ọ̀ràn náà kọjá ohun tí ibùdó kékeré lè parí, ni wọ́n bá mú un lọ sọ́dọ̀ Aláàfin. Ọ̀yọ́-Ilé ni wọ́n mú un lọ o, ìyẹn Ọ̀yọ́ àtijọ́ tó ti di ahoro, kì í ṣe Ọ̀yọ́ tí Àtìbà tẹ̀ dó ní àwọn ọdún 1830, tí ọkọ̀ ń ná láti Ògbómọ̀ṣọ́ lónìí.

Inú àhámọ́ ló wà tó fi ń gbọ́ ìròyìn Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, jagunjagun tó ń da àwọn ará Ọ̀yọ́ láàmú. Ògúnlọ́lá ní kí wọ́n bá òun sọ fún ọba pé bí ọba bá lè yọ̀ǹda òun, òun yóò kojú ọkùnrin náà. Ọ̀rọ̀ yìí kúrò lẹ́nu ẹlẹ́wọ̀n, ó gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣọ́ ọ kọjá, ó dé etí Aláàfin, èsì sì padà wá. Ó lọ, ó ṣẹ́gun, ó gbé orí ọ̀tá wá síwájú ọba: ẹni tó gbé orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́. Nígbà tí ọba ní kó máa bá òun gbé, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun máa ṣe ọ̀hún, níbi tí òun ti wá. Inú "ṣe ọ̀hún" yìí ni wọ́n ní oyè Ṣọ̀ún ti jáde.

Òpìtàn tó bá fẹ́ lè yẹ ìtàn yìí wò, kó sì bá a jiyàn níbí àti lọ́hùn-ún. Ìtàn tí ìlú fi ń ṣàlàyé orúkọ ara rẹ̀ kì í ṣe àkọsílẹ̀ ilé ẹjọ́. Síbẹ̀, ohun kan wà nínú rẹ̀ tó yẹ fún àkíyèsí. Ògúnlọ́lá kò nílò ìwé kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó dé ibi tó ń lọ. Kò sí akọ̀wé tó bá a kọ ọ́, kò sí ògbufọ̀ tó bá a túmọ̀ rẹ̀. Èdè tí ó fi ń bá àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ náà ni ọba fi ń dájọ́.

Kì í ṣe pé àhámọ́ ayé àtijọ́ rọgbọ. Ọ̀rọ̀ náà "ẹ̀wọ̀n" gan-an, irin tí a fi ń de èèyàn ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ kó tó di orúkọ ilé tí a ń ti èèyàn mọ́. Ẹni tí wọ́n bá mú lójú ogun lè di ẹrú kí oṣù tó lé. Ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ bá burú ní Ọ̀yọ́ lè bọ́ sọ́wọ́ àwọn Tẹ̀tú, àwọn wọ̀nyí kì í sì í ṣeré. Ìyà wà, ìrẹ́jẹ náà wà. Ṣùgbọ́n àìmọ̀wé kò sí lára ohun tí wọ́n fi ń jẹ ẹlẹ́wọ̀n níyà. Ìyẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ni.

Ẹ̀rí tó dájú jù lórí ọ̀rọ̀ yìí wà nínú àrokò kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ilẹ̀ Dahomey ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. C. A. Gollmer, òjíṣẹ́ ìjọ CMS tó dé Àgbádárìgì ní ọdún 1845, tó sì gbé láàrin àwọn Yorùbá fún ọ̀pọ̀ ọdún, kọ ìwé kékeré kan lórí àrokò tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1885. Àwọn onímọ̀ tó ń ṣèwádìí bí ìwé kíkọ ṣe bẹ̀rẹ̀ láyé ṣì ń tọ́ka sí ìwé náà títí di òní.

Kí a tó dé orí àrokò ẹlẹ́wọ̀n yìí, ó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ tí kò rí àrokò rí mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Owó ẹyọ méjì tí a so pọ̀ kí wọ́n kojú síra ń sọ̀rọ̀ ìrẹ́pọ̀. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ìjà ti dé. Owó ẹyọ mẹ́fà ń sọ pé ọkàn ẹni tó fi ránṣẹ́ fà sí ẹni tí ó fi ránṣẹ́ sí, nítorí pé "ẹfà" àti "fà" jọ ara wọn létí. Mẹ́jọ ń sọ pé ọ̀rọ̀ wọn jọ. Òòyà ń sọ pé ó di kí á yà. Àwọn tó bá ní eré ọmọdé lèyí kò ronú jìn: ìró ọ̀rọ̀ ni wọ́n ti ń fi nǹkan kọ sílẹ̀ yẹn, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìwé kíkọ sì ṣe bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ilẹ̀ mìíràn tí ayé ń yìn.

Ọmọ Yorùbá kan wà tí ogun Dahomey kó lọ. Ó fẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ mọ ipò tí òun wà. Ohun márùn-ún ló dì ránṣẹ́: òkúta, èédú, ata, àgbàdo yíyan, àti àkísà. Òkúta ń sọ pé ara òun ṣì le. Èédú ń sọ pé ọ̀nà iwájú ṣókùnkùn sí òun. Ata ń sọ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń gbóná nítorí òkùnkùn náà. Àgbàdo yíyan ń sọ pé ìyà ti mú kí òun gbẹ. Àkísà ń sọ ohun tí aṣọ ọrùn rẹ̀ ti dà.

Ẹ wo bí ó ṣe tò ó. Ìkíni ló fi bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọmọlúàbí ṣe máa ń ṣe nínú lẹ́tà: ara mi le. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó wá bọ́ sórí ìṣòro, láti inú ọkàn dé ara, láti ara dé aṣọ. Ohun tó fi ṣe gègé kò ju pàǹtírí inú ilé lọ, tó fi jẹ́ pé ẹ̀ṣọ́ tó bá tú ẹrù náà yẹ̀ wò kò ní rí ohun kan tó lè fura sí. Ìyàwó rẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ka lẹ́tà yìí fún òun. Ẹlẹ́wọ̀n yìí kò mọ A, kò mọ B, ó sì kọ̀wé.

Àmọ́ ṣá o, àrokò ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ó lè sọ pé ìyà ń jẹ mí. Kò lè sọ pé ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn mí ní ọjọ́ báyìí kì í ṣe òótọ́ nítorí pé mo wà níbòmíràn ní aago báyìí. Láàrin ẹni tó mọ ara wọn ló ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ẹni tó mú èèyàn, ẹni tó tì í mọ́lé àti ẹni tó ń dá ẹjọ́ rẹ̀ bá di àjèjì, ohun mìíràn ló kù tí èèyàn gbọ́dọ̀ wá.

Àwọn àjèjì náà dé. Wọ́n gba Èkó ní ọdún 1861, ní ọdún 1872 sì ni wọ́n dá ọgbà ẹ̀wọ̀n ìgboro Èkó sílẹ̀ ní òpópónà Broad Street, láti gba ẹlẹ́wọ̀n 300. Ọgbà náà ti di ibi ìgbafẹ́ báyìí, Freedom Park ni orúkọ rẹ̀ láti ọdún 2010. Pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n yìí ni ilé ẹjọ́ wọn wá, pẹ̀lú ilé ẹjọ́ wọn sì ni èdè wọn.

Ibí yìí ló yẹ kí olùkọ́ ìtàn fà lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ dáadáa, nítorí àwọn kan máa ń sọ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n lò nítorí pé Yorùbá kò tíì ní àkọsílẹ̀. Irọ́ ni. Samuel Ajayi Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní ọdún 1843. T. J. Bowen, oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà tó wá tẹ̀dó sí Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ní ọdún 1855, tẹ gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá jáde ní ọdún 1858. Ìwé Ìròyìn ti ń jáde ní Abẹ́òkúta láti ọdún 1859, ọdún 13 kí wọ́n tó dá ẹ̀wọ̀n Broad Street sílẹ̀. Odindi Bíbélì wà ní Yorùbá ní ọdún 1884. A ti ń fi Yorùbá wàásù, a ti ń fi í ta ọjà nínú ìwé ìròyìn. Ẹjọ́ nìkan ni wọn kò jẹ́ kí a fi ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀. Lójú àwọn tí wọ́n gbé òfin wá láti òkè òkun, ìyẹn rọrùn fún wọn. Ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n gbé owó ìrọ̀rùn náà lé lórí.

Báyìí ni ògbufọ̀ ṣe di ẹni ńlá. Ní ilé ẹjọ́ ayé ìjọba amúnisìn, adájọ́ kò gbọ́ ohun tí olùjẹ́jọ́ ń wí, olùjẹ́jọ́ kò gbọ́ ohun tí adájọ́ ń wí, ọkùnrin kan ló wà láàrin wọn tó gbọ́ ti méjèèjì. Kò sí ẹni tó lè yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Àwọn kan ṣe é pẹ̀lú òótọ́ inú. Àwọn mìíràn sọ ọ́ di òwò, kódà láìsí àbẹ̀tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ náà le ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọwọ́ ẹlòmíràn ni ẹyin ẹlẹ́wọ̀n wà.

Àpẹẹrẹ kan péré tó láti fi ewu rẹ̀ hàn. Ká ní ọmọ iṣẹ́ kan wà níwájú ọlọ́pàá tó sì ní, "Wọ́n ní kí n gbé e wá." Ọ̀gá rẹ̀ ló ń sọ, ẹnì kan ṣoṣo, ó bọ̀wọ̀ fún un ni kò ṣe pè é ní "ó". Bí ọ̀rọ̀ yẹn bá bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì láìsí àlàyé, ọ̀wọ̀ ti di ọ̀pọ̀ èèyàn. Àgbàlagbà kan ti di ẹgbẹ́, ọmọ iṣẹ́ tó jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an ti di ọ̀kan nínú àwọn tó dìtẹ̀ pa pọ̀. "Gbé" náà wà níbẹ̀ tó lè túmọ̀ sí pé ó rù ú, tó sì lè túmọ̀ sí pé ó jí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni "mo jẹ ẹ́ lówó" tí ó jẹ́ gbèsè lásán, kò jìnnà létí àjèjì sí "mo jẹ owó rẹ̀" tí ó jẹ́ ọ̀ràn. Bí wọ́n bá sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá láìfi àmì ohùn sí i, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ṣe ń kọ ọ́, ẹni tó máa kà á lọ́dún mẹ́ta sí i ní láti máa méfò ohun tí òǹkọ̀wé ní lọ́kàn.

Èyí tó ṣòro jù kò sí nínú ọ̀rọ̀ rárá, inú àṣà ló wà. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n tọ́ dáadáa, tí àgbà bá ń bínú sí i, yóò dọ̀bálẹ̀, yóò ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí, ẹ ṣàánú mi." Kò túmọ̀ sí pé ó ṣe ohun tí wọ́n ní ó ṣe. Ó ń pẹ̀tù sí ìbínú àgbà ni, kí wọ́n lè fara balẹ̀ gbọ́ tẹnu rẹ̀ lẹ́yìn náà. Nílé, gbogbo ènìyàn ló mọ èyí. Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ̀bẹ̀ lè di ìjẹ́wọ́ lórí ìwé. Kò wo adájọ́ lójú, nítorí pé a kì í wo àgbà lójú. Ẹni tí kò mọ àṣà yìí ń wò ó bí ẹni tí ọ̀ràn ti tì lójú.

Lẹ́yìn náà ni wọn yóò ní kó tẹ̀ka. Àtàǹpàkò tí wọ́n tì bọ inú yíǹkì ń jẹ́rìí pé ẹni tó ni í gbà pé ohun tó wà lókè yẹn, tí kò lè kà, ni òun sọ. Àwọn adájọ́ Nàìjíríà ti mọ ewu yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Ní ọdún 1960, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nígbà náà sọ nínú ẹjọ́ kan pé níbi tó bá ti ṣeé ṣe, èdè tí afurasí fi sọ̀rọ̀ gan-an ni kí wọ́n fi kọ ọ́ sílẹ̀, kí ilé ẹjọ́ lè rí ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀ràn dídá ti ìjọba àpapọ̀, ti ọdún 2015, ní kí ògbufọ̀ ka ohun tí wọ́n kọ padà fún ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì títí yóò fi yé e. Òfin dára. Ta ni yóò wà nínú yàrá náà láti mọ̀ bóyá ó yé e?

Tí ẹjọ́ bá ti parí tàbí tí ó bá ń falẹ̀, lẹ́tà ló kù. Ní ayé àwọn òyìnbó, akọ̀wé ìta tó jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú gègé ló ń kọ ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba fún àwọn tí kò mọ̀wé, lówó. Gẹ̀ẹ́sì ńláńlá ni wọ́n sábà máa ń kó sí i, nítorí pé oníbàárà ń fẹ́ kí owó rẹ̀ dún. Ìjọba ṣe òfin láti dáàbò bo aláìmọ̀wé, tó ní kí ẹni tó bá bá a kọ̀wé fi orúkọ àti àdírẹ́sì tirẹ̀ sí i. Nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n, òfin tún fún àwọn aláṣẹ láyè láti ka lẹ́tà tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde. Èyí túmọ̀ sí pé ọkọ tó fẹ́ sọ ohun àṣírí fún ìyàwó rẹ̀ ní láti sọ ọ́ fún ẹlẹ́wọ̀n ẹgbẹ́ rẹ̀ tó mọ̀wé, wọ́dà yóò kà á, ọmọ aládùúgbò tó ń lọ ilé ìwé yóò sì kà á sókè fún ìyàwó náà. Ẹni mẹ́ta ti wọ àárín tọkọtaya. Ọkùnrin tó fi òkúta àti èédú ránṣẹ́ láti Dahomey ní àṣírí ju èyí lọ.

Àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí ayé ń rántí, àwọn tó mọ̀wé ni. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kọ̀wé nínú ẹ̀wọ̀n ní Kàlàbá kí wọ́n tó dá a sílẹ̀ ní ọdún 1966. Wọ́n ti Wọlé Ṣóyínká mọ́lé láti ọdún 1967 sí 1969. Ó kọ̀wé sáàárín ìlà àwọn ìwé tí wọ́n ti tẹ̀, ó kọ ọ́ sórí ìwé ìnudí, *The Man Died* sì jáde ní ọdún 1972. Ó tọ́ kí a máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n nínú ọgbà kan náà, ní ọdún kan náà, àwọn mìíràn wà tí orí wọn kún, tí kò sí ohun tó kù lára wọn fún wa, kódà orúkọ wọn. Ìtàn ẹ̀wọ̀n wa, apá kan rẹ̀ la ní.

Ní Amẹ́ríkà, Malcolm X sọ nínú ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ bí òun ṣe rí ara òun nínú ẹ̀wọ̀n láàrin ọdún 1946 sí 1952. Ó gbọ́n lẹ́nu ní ìgboro, kò sí ẹni tó lè bá a sọ̀rọ̀ kó borí rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ kọ lẹ́tà, ọ̀rọ̀ kò wá. Ìbínú lẹ́tà yẹn ló sún un dé ìdí ìwé atúmọ̀ èdè tí ó dà kọ láti ojú ìwé àkọ́kọ́. Ohun tó yẹ kí èèyàn rí nínú ìtàn náà ju ìfaradà lọ ni pé ìwé atúmọ̀ èdè wà níbẹ̀ tí ó rí dà kọ, ilé ìkàwé sì wà nínú ọgbà tí ó wà.

A kò gbọ́dọ̀ rò pé gbogbo ẹni tí kò lè kàwé ni kò lọ sílé ìwé. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe láàrin àwọn ẹlẹ́wọ̀n ní Texas, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2000, rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tó ní ìṣòro nínú pípe ọ̀rọ̀ láti orí ìwé, irú ìṣòro tí àwọn onímọ̀ ń pè ní dyslexia. Ọpọlọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé. Ọ̀nà tí ó gbà ń so lẹ́tà mọ́ ìró ló yàtọ̀. Nílé ìwé tiwa, orúkọ tí wọ́n ń pe irú ọmọ yìí kò ṣòro: olódo. Wọ́n á fi í ṣẹ̀sín, wọ́n á nà án, á sá kúrò nílé ìwé. Àwọn olùkọ́ tó ń ka èyí lè ka iye irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tó ti gba iwájú wọn kọjá.

Ti adití tún burú jù. Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà adúláwọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ adití, dá ilé ìwé adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1960, èdè àmì tí ó mú wá láti Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ ilé ìwé adití sì fi ń kọ́ni. Ṣùgbọ́n adití tó dàgbà sóko, tí kò dé irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀, àmì tí òun àti ìyá rẹ̀ dá láàrin ara wọn nìkan ló mọ̀. Ká tilẹ̀ ní ilé ẹjọ́ wá ògbufọ̀ èdè àmì fún un, àwọn méjèèjì lè má gbọ́ ara wọn. Ìyá rẹ̀ nìkan ni ògbufọ̀ rẹ̀, ilé ẹjọ́ sì lè sọ pé ìyá kò lè ṣàìgbè sẹ́yìn ọmọ.

Ní ọdún 1955, ọdún tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà, ni àjọ àgbáyé kan fọwọ́ sí ìlànà lórí bó ṣe yẹ kí a máa ṣe sí ẹlẹ́wọ̀n. Ìlànà náà ní kí wọ́n fún ẹlẹ́wọ̀n ní òfin ọgbà lákọsílẹ̀ ní ọjọ́ tó bá wọlé, bí kò bá sì mọ̀wé, kí wọ́n fi ẹnu sọ ọ́ fún un. Ó tún ní kí ẹ̀kọ́ àwọn tí kò mọ̀wé jẹ́ dandan. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tún ìlànà yìí ṣe ní ọdún 2015, wọ́n sì fi orúkọ Mandela pè é.

Òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 náà kò gbàgbé ọ̀rọ̀ èdè. Ó ní kí wọ́n sọ ẹ̀sùn fún olùjẹ́jọ́ ní èdè tó yé e, kí wọ́n sì fún un ní ògbufọ̀ láìgba owó bí kò bá gbọ́ èdè tí ilé ẹjọ́ ń lò. Ní ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, ó ní láàrin wákàtí 24, kí wọ́n fún un ní ìdí rẹ̀ lákọsílẹ̀, ní èdè tó yé e. Lákọsílẹ̀. Ìlànà ọdún 1955 rántí ẹni tí kò lè ka èdè kankan. Ojú ìwé yìí gbà pé ẹni tí èdè bá yé, yóò lè kà á.

Orúkọ ilé iṣẹ́ ẹ̀wọ̀n yí padà ní ọdún 2019, wọ́n ní kí wọ́n máa pe é ní ilé iṣẹ́ àtúnṣe ìwà. Yunifásítì NOUN ní ibùdó ìkẹ́kọ̀ọ́ nínú àwọn ọgbà kan, èèyàn sì ti gba oyè nínú ẹ̀wọ̀n. Ohun ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n yunifásítì wà fún ẹni tó ti mọ̀wé kó tó wọlé.

Ní alẹ́ ọjọ́ 22, oṣù kẹwàá, ọdún 2021, àwọn agbébọn fi àdó olóró já wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Abolongo nílùú Ọ̀yọ́, ìlú tí ọkọ̀ ń gbà láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ìbàdàn. Ọdún 2007 ni wọ́n dá ọgbà náà sílẹ̀ láti gba ènìyàn 160. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, 907 ló wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé iṣẹ́ náà ṣe kéde. Nínú wọn, 64 ni ilé ẹjọ́ ti dájọ́ fún, àwọn agbébọn kò sì fọ́ yàrá tí àwọn wọ̀nyí wà. Àwọn 837 tí wọ́n lé síta nínú òkùnkùn, ẹni tó ń dúró de ìgbẹ́jọ́ ni gbogbo wọn. Ìbéèrè tí Aláàfin bi Ògúnlọ́lá ní èdè abínibí rẹ̀ kó tó tì í mọ́lé, pé ṣé o jẹ̀bi àbí o kò jẹ̀bi, ilé ẹjọ́ kò tíì parí rẹ̀ pẹ̀lú ẹnì kankan nínú wọn ní alẹ́ ọjọ́ náà.